Ta Ló Ni Tòkunbọ̀?

Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1998.

Suhail ọmọ mi,

Àsàláàmù àlékùmù. Mo kí ọ, mo kí Fèyísọ́lá ìyàwó rẹ, mo kí Hamidah ọmọ-ọmọ mi, mo sì kí òtútù ìlú òyìnbó tó gbà yín lálejò. Ara mi le. Eyín mẹ́rìndínlógún tó kù sí mi lẹ́nu ń ṣiṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ.

Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, kí o jókòó dáadáa. Bàbá rẹ ti di ẹni ńlá. Ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta ló ń já mi gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní èmi ni kí n jáde fún ipò káńsẹ́lọ̀ nínú ìdìbò oṣù Kejìlá, pé gbogbo Agbowó ló ń pe orúkọ mi. Mọ́tò méjì ló dúró síwájú ilé wa lọ́jọ́ Àtàláátà, àwọn ènìyàn ń yọjú lójú fèrèsé.

Ó dáa, mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni. Mọ́tò kan ni, wọ́n sì tì í wá ni, torí kò sí epo. Wọn ò ní kí n du nǹkan kan. Ògiri wa ni wọ́n fẹ́ lẹ póstà mọ́, wọ́n sì fún mi ní kàlẹ́ńdà kan tó ti lo oṣù mẹ́jọ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lẹ póstà dọ̀bálẹ̀ fún mi o. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yí ọwọ́ padà lóṣù Kẹfà, ọ̀rọ̀ àtúntò ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Wọ́n ní alágbádá ń bọ̀, wọ́n ní ọrọ̀ ajé máa dìde. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ ta iléeṣẹ́ iná fún àwọn aládàáni. Mo ní ta ló máa ra òkùnkùn? Wọ́n tún ní òkú ti pọ̀ jù nínú ìwé àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, kí gbogbo wa wá sí Sẹkitéríàtì kí wọ́n fi ojú rí wa. Mo débẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀. Akọ̀wé wo ìwé, ó wò mí, ó ní, "Baba, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ ti kú." Mo ní, "Ọjọ́ wo?" Ó ní, "Lọ́dún tó kọjá." Mo ní, "Àbájọ tí ara fi ń ro mí."

Ta ni mo rí nínú ìlà kan náà? Àna rẹ, Ọ̀gá Akíndúró ti Akóbo. O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé fáìlì tọ̀ wọ́n lọ ní mínísírì. Tí wọ́n bá ti tẹ aago orí tábìlì wọn, èmi nìyẹn, wéré. Nígbà tí o fẹ́ ọmọ wọn, mo rò pé aago yẹn ti dákẹ́. Wọ́n rí mi nínú ìlà, wọ́n ní, "Àlíù, ṣé o ti gbọ́ pé Suhail ti kúrò níbi iṣẹ́ àtijọ́, pé ilé ìwòsàn ló wà báyìí?" Mo ní mo ti gbọ́. N kò gbọ́. Ọmọ tí mo bí! Torí pé wọ́n ní tẹlifóònù, ẹ ń pè wọ́n lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè, èmi wá di ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ọmọ rẹ̀ nínú ìlà.

Nítorí náà, kí o máa kọ̀wé sí mi kí ẹ tó pe Akóbo. Ìyẹn nìkan ni mo bèèrè. Àbí kí n fi èyí kún un: ọmọ Àlájì ojúkojú wa ti fi tòkunbọ̀ kan ránṣẹ́ sílé, bàbá rẹ̀ kì í sì í fi ẹnu kí ènìyàn mọ́, fèrè ló ń fọn. N kò bèèrè nǹkan kan o. Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ.

Èmi ni bàbá rẹ tí ìjọba ní ó ti kú,
Àlíù.


Peckham, London.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1998.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ kú ìrọ́jú gbogbo ohun tó ń lọ nílé. Lẹ́tà yín pa mí lẹ́rìn-ín débi pé àwọn òyìnbó inú bọ́ọ̀sì ń wò mí.

Ẹ má bínú pé ẹnu àna yín lẹ ti gbọ́ ti iṣẹ́ tuntun. Fèyí ló sọ ọ́ lórí fóònù kí n tó ráyè kọ̀wé. Òru ni mo ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bí mo bá ń wọlé láàárọ̀, Fèyí ń jáde. Ẹnu ọ̀nà la ti ń kí ara wa.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Tòkunbọ̀ ń bọ̀ wálé. Èmi àti Fèyí ti rò ó síwá sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń mójú tó o níbí, ibi tá à ń fi í sí lójoojúmọ́ sì ń gba gbogbo ohun tó ń wọlé fún wa. Ó ti pé ọdún mẹ́ta, ara rẹ̀ le koko. Kì í jẹ púpọ̀. Ó máa ń pariwo díẹ̀ láàárọ̀ kó tó gbéra, ṣùgbọ́n tó bá ti gbéra, ẹ ò ní lè dá a dúró. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí kò jò mọ́. Òtútù ibí yìí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ooru ilé máa bá a lára mu.

Fèyí fẹ́ kó wà ní Akóbo, torí ọgbà wọn fẹ̀, géètì sì wà. Èmi fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ kọ̀wé sọ bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Fèyí máa ka lẹ́tà yẹn o, bàbá mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ṣeré.

Ọmọ yín,
Suhail.


Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 1998.

Suhail, ọmọ tó ju ọmọ lọ,

Àsàláàmù àlékùmù, ìlọ́po mẹ́wàá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ náà ṣe irú èyí fún ọ. Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ tán, mo jáde, mo dúró síwájú ilé Àlájì, mo sì tún un kà sókè bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò.

O ní kí n má fi ṣeré. N kò fi ṣeré. Lákọ̀ọ́kọ́, kí Tòkunbọ̀ má dé Akóbo rárá. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Wọ́n ní Peugeot 504 tí wọ́n ń nù láràárọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń nu ojú ọmọ ìkókó. Tó bá dé ọgbà wọn, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n máa fi í sí, á sì jókòó síbẹ̀ títí á fi dógùn-ún. Lọ́dọ̀ tèmi, á ṣiṣẹ́.

Mo ti bá Mùkáílà sọ̀rọ̀, dírẹ́bà tí takisí rẹ̀ ń ṣàìsàn lójoojúmọ́. Òun ni yóò máa mú Tòkunbọ̀ jáde láago márùn-ún àárọ̀, láti Òjóò dé Challenge, láti Challenge dé Òjóò, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èrò mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló máa sinmi. Ní ti ariwo tó máa ń pa láàárọ̀, Mùkáílà ní òun mọ ibi tí òun máa fi òòlù gbá tí yóò fi dákẹ́. Ìta ni yóò máa sùn, ṣùgbọ́n a ó fi tapólì bò ó nígbà òjò. Inú mi dùn pé kì í jẹ púpọ̀, torí ní Ìbàdàn yìí, ọjọ́ kan ni epo ń wà, ọjọ́ mẹ́ta ni à ń tì.

Tó bá wá di ọdún méjì tí kò lè rìn mọ́, má fòyà. A ó tú u palẹ̀ ní ọjà Gate, a ó máa tà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ojú rẹ̀ nìkan máa mú nǹkan gidi wá.

Ìbéèrè kan: ṣé ti Jámánì ni àbí ti Jàpáànù? Àlájì ló ní kí n bèèrè. Mo ní kó lọ fọn fèrè rẹ̀.

Sọ fún Fèyísọ́lá pé mo súre fún un. Kó bá mi sọ fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kó rọra sọ ọ́, kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà ru.

Bàbá Onítòkunbọ̀,
Àlíù.


Peckham, London.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá, ọdún 1998.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Bóyá kí n kàn sọ ọ́ tààrà.

Tòkunbọ̀ kì í ṣe mọ́tò. Hamidah ni. Ọmọ-ọmọ yín.

Bàbá Fèyí ló sọ ọ́ ní Tòkunbọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, torí pé òkè òkun la bí i sí. Orúkọ tó mọ́ wa lẹ́nu nílé nìyẹn. Mo gbàgbé pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín. Ẹ̀bi mi ni.

Ṣùgbọ́n Fèyí ló kọ́kọ́ ka lẹ́tà yín. Èmi wà níbi iṣẹ́. Ó dé ibi tí Mùkáílà ti fẹ́ fi òòlù gbá ọmọ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣíìnì. Nígbà tí mo dé tí mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó yá, omi ojú náà kò dúró mọ́. Ó ní, "Suhail, bàbá rẹ ní ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo lókè òkun. O kọ̀wé pé nǹkan tó ti pé ọdún mẹ́ta ń bọ̀ wálé, ọkàn wọn kò tiẹ̀ lọ síbẹ̀. Mọ́tò ni wọ́n ń retí."

Ó ní Akóbo ni ọmọ ń lọ, pé ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi kò fẹ́ kó parí bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi wá ohun tí mo lè fi bá a jiyàn.

Suhail.


Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 1998.

Suhail,

Àsàláàmù àlékùmù. Ṣé o rò pé n kò mọ̀ ni? Mo ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ ni Tòkunbọ̀? Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kí a fi ẹ̀rín sílẹ̀. Ta ló ní kí wọ́n sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ lẹ́yìn mi? Èmi ni mo fi Hamidah ránṣẹ́. Mo lọ sí pósófíìsì Dùgbẹ̀ fúnra mi, mo fi itọ́ ara mi lẹ sítáǹbù rẹ̀, orúkọ náà sì lo ọjọ́ mẹ́tàlélógún lójú ọ̀nà. Tiwọn gba inú wáyà, ó dé ní ìṣẹ́jú kan, òun lẹ sì ń pè. Èyí tó fi ẹsẹ̀ rìn, ẹ gbé e jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, mo lọ kí wọn ní Akóbo. Irọ́ ni, mo lọ wo ibi tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ọmọ sí. Wọ́n gbà mí dáadáa. Wọ́n fún mi ní ọsàn. Wọ́n ní, "Àlíù, bọ́ síbí, wá wo yàrá Tòkunbọ̀." Wò ó, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú kun ògiri. Ibùsùn kékeré wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Mo ní, "Fèrèsé yìí mà kéré o, Ọ̀gá." Fèrèsé náà tóbi ju ilẹ̀kùn tèmi lọ.

Mo tún rí tẹlifóònù náà. Wọ́n fi aṣọ léèsì bò ó bí òkú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe máa ń dún. Wọ́n ní wọ́n ti gé e, pé láti ìgbà tí àyẹ̀wò Sẹkitéríàtì ti bẹ̀rẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì àwọn náà kò ti jáde. Mo ní, "Áà, ẹ kú àdánù, Ọ̀gá mi." Suhail, inú mi dùn. Mo rìn láti Akóbo dé Agbowó, n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. N kò lè sọ èyí fún ẹlòmíràn.

Sọ fún Fèyísọ́lá pé ọgbà dára, géètì dára, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti lọ sọ́run, bàbá rẹ̀ sì ń ka ìwé ìròyìn láti àárọ̀ dé ọ̀sán láìla ẹnu. Ta ni yóò máa bá ọmọ sọ̀rọ̀? Níhìn-ín, yàrá mẹ́jọ ló kún fún akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn olùkọ́ wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan ṣe. Ìdajì wọn ti ń bèèrè ọjọ́ tí Hamidah máa dé. Bàdírátù, ìyàwó Àlájì, ní òun á máa dì í lórí. Èmi á máa pa á lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn, kò sì sí ìjọba tó lè dá mi dúró lẹ́nu rẹ̀.

Mo ti ní kí káfíńtà kan ibùsùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju mẹ́ta yòókù lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń fì díẹ̀díẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ẹ fún mi lọ́mọ yìí. N kò fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀.

Àlíù.


Peckham, London.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejìlá, ọdún 1998.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún dọ̀bálẹ̀. Fèyí ti gbà. Ibi ibùsùn tó ń fì ló ti rẹ́rìn-ín, ibi "ẹ fún mi lọ́mọ yìí" ló tún kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí Tòkunbọ̀ (Hamidah, ẹ má bínú) wà lọ́dọ̀ yín títí di oṣù Karùn-ún tí ológun máa gbé ìjọba sílẹ̀. Tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, á dúró sọ́dọ̀ yín pátápátá.

Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlógún, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Moróunkẹ́, ọ̀rẹ́ Fèyí, ló ń mú un bọ̀. Ring Road ni ìyá Moróunkẹ́ ń gbé. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀yin àti bàbá Fèyí, ni kẹ́ ẹ jọ lọ pàdé wọn.

Fóònù Akóbo kò wọlé mọ́, nítorí náà mo fi lẹ́tà àna yín sínú àpò ìwé yìí kan náà. Ẹ bá wa gbé e fún wọn lọ́jọ́ tó bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ni Fèyí ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wà lọ́dọ̀ yín. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ wọn kí wọ́n tó rí i lójú. Ògoolúwa ọ̀rẹ́ mi tó ń kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ ni mo fi èyí rán. Á já a sílẹ̀ fún yín ní Òjóò.

Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún mi.

Suhail.


Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejìlá, ọdún 1998.

Suhail,

Àsàláàmù àlékùmù. A kú ààwẹ̀. Ọmọ ti dé, ara rẹ̀ le, kí ìyá rẹ̀ fọkàn balẹ̀. Bí o bá gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu Moróunkẹ́, epo ló fà á.

Láti ọ̀sán Jímọ̀ ni èmi àti Mùkáílà ti wà lórí ìlà epo ní Challenge, inú takisí rẹ̀ la sùn. Mo gbé àga, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi, mo ṣe bí ológun. Ọ̀sán Sátidé kí wọ́n tó dá wa lóhùn. Wọ́n ti fi owó kún epo, wọn ò sì fi epo kún epo. Aago mẹ́rin kọjá kí a tó dé Ìkẹjà. Moróunkẹ́ ti dúró dúró, ó ti wọ bọ́ọ̀sì wá sí Ìbàdàn, ó ti gbé ọmọ sùn ní Ring Road. Èmi ń pe "Hamidah! Hamidah!" kiri pápákọ̀ òfurufú títí ẹ̀ṣọ́ kan fi bi mí bóyá ara mi dá.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Moróunkẹ́ gbé e lọ sí Akóbo, ilé tí òun mọ̀. Nígbà tí èmi máa dé Agbowó ní àṣálẹ́ Sọ́ńdè náà, torí takisí Mùkáílà kú sójú ọ̀nà, Ọ̀gá Akíndúró ló jókòó sí kọ̀rídọ̀ wa, ọmọ sùn lé wọn láyà. Wọ́n ní, "Àlíù, a wá wò bóyá nǹkan ṣe ọ́ lójú ọ̀nà. Ṣé ìwọ gbọ́ pé ọmọ ń bọ̀?" Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣínu ná. Lẹ́yìn tí mo mu omi tán, mo ní ó ku ọjọ́ kan péré kí ọmọ dé ni mo gbọ́ ọ.

Moróunkẹ́ ti sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ mi lẹ ní kó wà. Wọn ò jiyàn. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó jí, ó rí ojú mi, ó kígbe, ó di ọrùn wọn mú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó lè tú ọwọ́ rẹ̀.

Ní ti lẹ́tà tí o ní o fi sínú tèmi, mo tú àpò ìwé náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, n kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bóyá orí tábìlì lẹ gbàgbé rẹ̀ sí.

Àlíù.


Peckham, London.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kìíní, ọdún 1999.

Bàbá mi,

Mo kí yín.

Bàbá Fèyí kọ̀wé sí i. Ìlà mẹ́ta péré. Wọ́n ní: "O fi ọmọ-ọmọ mi ránṣẹ́ bí ẹrù, o kò sì sọ fún mi. Ẹnu àlejò ni mo ti gbọ́ pé ilé mi kò tó ọ. Mo kú oríire." Láti ọjọ́ náà, Fèyí kò jẹun gidi. Ó ti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ méjì, kò mọ̀ bóyá èsì máa dé. Tẹ́lẹ̀ rí, nígbà tí fóònù ṣì wà, wọn kì í jẹ́ kí Sọ́ńdè kan kọjá láìbá a sọ̀rọ̀.

Bàbá mi, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi lẹ àpò ìwé yẹn, Fèyí dúró tì mí. Lẹ́tà méjì ló wà nínú rẹ̀. Ògoolúwa ní òun kò tú u.

Níbo ni lẹ́tà kejì wà?

Suhail.


Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kejì, ọdún 1999.

Suhail ọmọ mi,

Àsàláàmù àlékùmù. Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Àlàmísì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e kiri nínú àpò agbádá mi.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọmọ rẹ ṣe rí. Ó ń pè mí ní "Baba Àwọ̀n", torí mo fi ọwọ́ ara mi gán àwọ̀n ẹ̀fọn rẹ̀, mo sì há sínú rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ Yorùbá. Ó mọ "ó tì" sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ ọ ní orin ìwọ́de, ó sì ń kọ ọ́ tó bá fẹ́ gba búrẹ́dì. Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, mo gbé e sí èjìká lọ sí yídì, gbogbo ènìyàn ń bi mí pé ọmọ ta ni, mo sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kódà àwọn tí kò bi mí.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó máa ń lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, á ní, "Grandpa dà?" Mo ní, "Èmi rèé." Á ní, "Ó tì." Ẹni tó rí fún wákàtí díẹ̀ péré lọ́jọ́ kan! Mo wọ fìlà bí tiwọn. Mo di ìwé ìròyìn mú níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ó tì, Baba Àwọ̀n."

Àná, mo wẹ̀ ẹ́, mo wọ aṣọ fún un, mo mú un lọ sí Akóbo. Wọ́n wà nínú ọgbà. Bó ṣe rí wọn, ó já lọ́wọ́ mi, ó sáré. Mo dúró tì géètì, mo sì mú lẹ́tà Fèyísọ́lá jáde, mo nà án sí wọn. Wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n rí orúkọ wọn, wọ́n jókòó. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo ni èyí tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́?"

Mo ní, "Ọjọ́ Àlàrùba, Ọ̀gá. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọmọ dé."

Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Mo ní epo nílé, Àlíù. Láti oṣù Kẹwàá ni mo ti rọ epo kún táńkì mọ́tò mi, tí mo gbé e sílẹ̀, tí mò ń fi ẹsẹ̀ rìn, kí epo lè wà lọ́jọ́ tí ọmọ yìí bá dé. À bá dé Ìkẹjà láago mẹ́jọ."

Mo bọ́ fìlà mi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo fẹ́ sọ pé mo gbàgbé. Mo fẹ́ sọ pé ọ̀dọ̀ káfíńtà ni mo fi sílẹ̀ sí. Ọmọ jókòó lé wọn lẹ́sẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Mo bá sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ìwọ náà yìí.

Lẹ́tà méjì ló wà nínú àpò ìwé náà. Mo rí orúkọ wọn lára ìkejì, mo rí i pé o tún ti rán mi níṣẹ́ sí wọn bíi ti mínísírì, mo sì bínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú ló jẹ́ kí n fi pamọ́. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé nígbà tí ọmọ náà bá sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù, èmi nìkan ni yóò rí. Mo fẹ́ lọ Ìkẹjà láìsí wọn. Mo fi lẹ́tà náà sínú ìrọ̀rí mi, mo sì sùn lé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ rẹ jókòó sórí àpótí ní pápákọ̀ òfurufú láti aago mẹ́wàá di aago méjì, ó ń bèèrè pé àwọn bàbá àgbà òun dà. Kì í ṣe epo ló fà á. Ìlara ni.

Wọn ò lé mi, wọn ò sì ní kí n jókòó. Mo fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa kọ̀wé sí Fèyísọ́lá lónìí.

Bàbá rẹ,
Àlíù.